Tortilla tí kò ní òórùn àgbàdo

Ó ti di ọjọ́ kẹta báyìí tí inú ti ń bí mi. Mo rò pé tí ilẹ̀ bá mọ́, á ti kúrò lára mi. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún mọ́, kò kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọgọ́ta ọdún ní Sátidé. Àwọn ọmọ wọn kó wa lọ jẹun ní àárín gbùngbùn Chicago, ní ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ. Oúnjẹ Mẹ́síkò ni wọ́n ní àwọn ń tà. Taco mẹ́ta, dọ́là 21. Mo mú ọ̀kan, tortilla abẹ́ rẹ̀, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹran lé, tutù, ó gan bíi páálí. Mo gbé e súnmọ́ imú, kò ní òórùn kankan. Ata tí wọ́n gbé tì í dùn bíi ṣúgà, wọ́n sì ti da nǹkan funfun kan bo ẹran débi pé èèyàn ò lè mọ̀ bóyá adìẹ ni àbí màlúù. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé bí wọ́n ṣe ń sè é gan-an ní Mẹ́síkò nìyí.

Ẹ̀gbọ́n jẹ ọ̀kan tán, wọ́n bu èkejì jẹ, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n wá kọjú sí mi, torí èmi ni mo máa ń yin oúnjẹ Mẹ́síkò sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ṣé èyí náà lo ti ń tìtorí ẹ̀ pariwo láti ọjọ́ yìí? Ẹ bá mi wá ìrẹsì o jàre." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n bú ìyá mi.

Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ ohun tó ń dùn mí. Nínú ará Chicago mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́ta ló jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spéènì ni ìdílé wọn ti wá, ará Mẹ́síkò ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àdúgbò tí àwọn ará Mẹ́síkò tẹ̀dó sí ni Pilsen, ó wà níbí. Little Village náà wà níbí, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè ní La Villita. Kí èèyàn wà nírú ìlú bẹ́ẹ̀, kó san dọ́là 21 lórí páálí, kó wá máa sọ kiri pé òun ti jẹ oúnjẹ Mẹ́síkò wò, kò ládùn! Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan jẹ ẹ̀bà àná nínú ọ̀rá ní pápákọ̀ òfuurufú, tó wá délé tó ń sọ pé Yorùbá ò mọ oúnjẹ sè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á dárúkọ Frontera Grill fún mi, ilé oúnjẹ Mẹ́síkò tí Rick Bayless ṣí ní 1987. Ọkùnrin yẹn lọ jókòó ti àwọn alásè ní Mẹ́síkò kó tó gbé ìkòkò kaná níbí, mi ò bá a jà. Mi ò sọ pé kò sí oúnjẹ gidi ní àárín ìlú rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé tábìlì rere àti iná tó ń tàn yòò kọ́ ni èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú yìí ni oúnjẹ wọn mú mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Obìnrin kan wà ní ilé ìdáná ibẹ̀, ará Michoacán ni, ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò. Èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi, a kàn máa ń kí ara wa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo títì, mo jókòó sí yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìrọ̀lẹ́. Ó yọ nǹkan kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná. Háríhá àgbàdo tútù ni wọ́n fi dì í. Mo tú u, ooru rẹ̀ kọ lù mí lójú, òórùn rẹ̀ sì gbé mi délé.

Àbàrí ni.

Àbàrí tí ìyá mi máa ń sè ní Ìṣẹ́yìn tí àgbàdo ọ̀tun bá ti dé. Àwa ọmọ la ó rẹ́ àgbàdo lára kùùkù, a ó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ìyá mi á pò ó, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n á tò ó sínú ìkòkò, a ó wá máa yí ìkòkò náà ká bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ìkókó. Ti obìnrin yìí ò ní ata rodo, ó dùn díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi wàrà sí i, àmọ́ àgbàdo yẹn ò ṣàjèjì sí mi rárá. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó rò pé ẹnì kan kú fún mi ni. Uchepo ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá oúnjẹ yìí kiri Chicago, ó ti pé ọdún 11 báyìí, mo sì ti rí i pé àgbàdo ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ koríko inú igbó di àgbàdo, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Tòmátì tí a ń lọ̀ mọ́ ata, èdè Nahuatl tiwọn lorúkọ rẹ̀ ti wá, tomatl. Àwa a máa rẹ àgbàdo sómi títí á fi kan kí a tó fi ṣe ògì. Àwọn máa ń sè é nínú omi tí wọ́n po cal mọ́, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta ẹfun tí wọ́n bá sun. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Nixtamal ni wọ́n ń pe irú àgbàdo bẹ́ẹ̀. Eérú wà nínú orúkọ náà, nextli, torí eérú náà ṣeé lò fún un. Ẹni tó bá ti ju kán-ún sínú ewédú rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Èèpo á bó, ìyẹ̀fun á fà, òórùn á yàtọ̀, fítámì kan tó há sínú àgbàdo á sì jáde wá tí ara á fi lè lò ó. Nígbà tí wọ́n kó àgbàdo lọ sí Yúróòpù, wọn ò kó ọgbọ́n yìí dání. Àwọn tálákà ní Ítálì tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan ni wọ́n ń rí jẹ wá ń ṣàìsàn pellagra, awọ ara wọn ń ṣí, orí wọn ń dàrú. Àwọn ìyá ní Mẹ́síkò ti mọ ọgbọ́n náà tipẹ́tipẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tó wá sọ ohun tó fà á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí tortilla ò bá ti ní òórùn, mi ò tún fẹ́ mọ irú ẹran tó wà lórí rẹ̀. El Milagro, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tortilla tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1950, tortilla wọn tí èèyàn bá rà á ní gbígbóná, gbogbo inú mọ́tò ló máa gba òórùn àgbàdo kí ó tó délé. Ní 18th Street ní Pilsen, ilé oúnjẹ Carnitas Uruapan ti ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láti 1975. Michoacán ni ìlú Uruapan wà, ìpínlẹ̀ obìnrin mi ọjọ́sí. Ìpínlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí UNESCO kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò mọ́ àwọn ogún ìṣẹ̀dálẹ̀ tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní 2010.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.

Ní Sọ́ńdè, bí ìsìn àkọ́kọ́ ṣe parí, mo ní kí wọ́n wọ mọ́tò mi. Wọ́n ní kí ló dé, mo ní kí wọ́n ṣáà wọlé, pé ìgbèsè ni mo fẹ́ san. Gèlè ń bẹ lórí wọn, aṣọ ìyìn lọ́rùn. A gba 26th Street, a kọjá lábẹ́ géètì ńlá tí wọ́n kọ "Bienvenidos a Little Village" sí, tí aago wà lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú wọn wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tí kò ju tábìlì mẹ́fà lọ. Menudo ni wọ́n ń bù ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n fi ṣíbí rú u wò, wọ́n pariwo pé, "Ṣàkì rèé! Ṣàkì ni wọ́n ń jẹ!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ahọ́n wà níbẹ̀, ẹran orí wà níbẹ̀, ìfun náà wà. Wọ́n bèèrè ata, wọ́n gbé chile de árbol wá, wọ́n fi sí i, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún fi sí i. Lẹ́yìn náà ni birria dé, ẹran ewúrẹ́ bí àwọn ará Jalisco ṣe ń sè é, tí egungun ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tortilla rẹ̀ wà nínú aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n fi wé e kí ó má bàa tutù. Ẹ̀gbọ́n fà á ya bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ bu òkèlè, wọ́n ti ẹran bọ inú rẹ̀, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí abọ́ fi mọ́ tónítóní.

A jáde. Mo mú wọn lọ sí igun títì kan, níbi tí obìnrin kan máa ń dúró sí pẹ̀lú kúlà tó kó tamale sí, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú háríhá. Ó máa ń mú uchepo wá tí àgbàdo tútù bá wà. Ó kù mẹ́rin. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe rí i tó ń nà án fún wọn nínú òtútù, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó dáhùn pé, "Gracias, mi reina." Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ọbabìnrin ló pè wọ́n. Wọ́n tú háríhá náà nínú mọ́tò, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wò mí. "Àbàrí," ni wọ́n wí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbàdúrà.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, inú mi ò bá ti rọ̀.

Inú mọ́tò yẹn ni mo ti sọ fún wọn pé láti oṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wọ Chicago, igun títì yẹn ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. 26th Street tí èèyàn kì í ríbi páàkì sí dá wáí. Ìlú ti fọwọ́ sí títa oúnjẹ lórí kẹ̀kẹ́ ìtajà láti 2015, àmọ́ ìyẹn ò ran ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ́wọ́. Àwọn aráàdúgbò ń fọn fèrè láti kìlọ̀ fún ara wọn. Àwọn kan ń gun bàsíkùlù kiri láàárọ̀, wọ́n ń ra gbogbo ọjà ọwọ́ àwọn tó ń tajà lójú títì kí àwọn yẹn lè tètè gba ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá obìnrin wa níwèé. Mo ní mi ò bi í rí. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé ní ìlú yìí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Lálẹ́ Sátidé yẹn, bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe ń ṣí tó ń padé, èdè Spéènì ni mò ń gbọ́ láti inú ibẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń ta uchepo ní igun títì yẹn ló to tortilla tútù yẹn sínú àwo fún wa, torí báyìí ni ọ̀gá ní kó ṣe é, tí òun fúnra rẹ̀ á délé lọ jẹ èyí tó gbóná. Ta ni mo wá ń bú? Àti pé, oúnjẹ tí mo ń pè ní gidi yìí, ṣé torí pé ó rí bí wọ́n ṣe ń sè é ní Mẹ́síkò ni, àbí torí pé ó rí bíi ti ìyá mi? Mi ò tíì dé Michoacán rí.

Lónìí, Ẹ̀gbọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti ròyìn fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nǹkan bí ogójì obìnrin ló fẹ́ lọ, wọ́n fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì, kí n fi àdírẹ́sì ibi tí obìnrin alábàrí máa ń dúró sí ránṣẹ́, wọ́n á sì gbé e sórí WhatsApp kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ọjà rẹ̀ á tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó á wọlé fún un. Ṣùgbọ́n ogójì gèlè ní igun títì kan, àti àwòrán rẹ̀ lórí fóònù ogójì èèyàn, èyí tí yóò ti ibẹ̀ rìn dé ibi tí a kò mọ̀. Pilsen náà, ẹnu ló kọ́kọ́ gbé e, kí owó ilé tó lé àwọn tó ń sè é kúrò níbẹ̀.

Mo ti kọ orúkọ títì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Mi ò tíì gbé e.