Gbèsè Kékeré Kò Ní Kí Báńkì Má Wó

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwa tí a máa ń jíròrò ọ̀rọ̀ ajé ní ìlú Ọ̀yọ́, láti ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí dé ọjà Akẹ̀sán: pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè àwọn ará ìlú àti iléeṣẹ́ aládàáni rẹ̀ bá kéré sí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, àti pé èyí tí tirẹ̀ pọ̀ nìkan ni ẹ̀rù yẹ kó bà. Gbèsè tí ìjọba jẹ kọ́ ni mò ń sọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pa wá lára rí.

Láti 2002 ni Claudio Borio àti Philip Lowe, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Bank for International Settlements, báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé tó wà nílùú Basel ní Switzerland, ti tọ́ka sí ìwọ̀n tó sàn ju èyí lọ. A óò kó gbogbo gbèsè tí àwọn ìdílé àti àwọn iléeṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì jẹ jọ, a óò fi wé iye ohun tí orílẹ̀-èdè náà pèsè lọ́dún, lẹ́yìn náà ni a óò wo ipa ọ̀nà tí ìfiwéra yìí ti ń tọ̀ bọ̀ láti ọdún gbọọrọ. Inú àlàfo tó wà láàárín ibi tí gbèsè dé lónìí àti ibi tí ipa ọ̀nà náà ì bá gbé e dé ni ìkìlọ̀ wà. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn alábòójútó báńkì ní Basel gbé jáde ní 2010 sọ pé bí àlàfo náà bá ti kọjá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé, kí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, ìyẹn owó tiwọn fúnra wọn tí wọ́n fi ń gba àdánù mọ́ra. Bó bá dé 10, àfikún náà yóò dé ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún dúkìá tí wọ́n ti fi ewu díwọ̀n, ìyẹn gbèsè tí wọ́n yá àwọn èèyàn àti ohun ìní wọn yòókù, tí a ka èyí tó léwu sí púpọ̀ ju èyí tí kò léwu lọ.

Ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí yóò tètè lóye rẹ̀. Oníṣòwò tó ń yá mílíọ̀nù méjì náírà lọ́dọọdún, tó sì ń san án, kì í já akápò láyà. Ẹni tí kì í yá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ, tó ṣàdédé yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó, tí ọjà rẹ̀ kò sì gbèrú sí i, ni wọ́n ń pè jókòó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nígbà tí Charles Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 di 25 ní ìparí 2005. Owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò yá a fún. Gbèsè aládàáni sáré ju ọrọ̀ ajé lọ fíìfíì, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fi ń ra ìpín ìdókòwò àti àwọn tó ń kó epo wọ̀lú. Bí a bá fi gbèsè wa wé ti South Africa tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó ṣì kéré gan-an. Ìrìn tiwa fúnra wa látẹ̀yìnwá ló fi hàn pé a ti sá kọjá ààlà. Lẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà 2008, ọjà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àwọn tó fi ìpín dúró fún gbèsè kò sì rí i san mọ́. Ní oṣù Ògún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba sì dá iléeṣẹ́ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ń wo kíkéré gbèsè nìkan ní 2007 kò ní rí ohunkóhun tí yóò fi kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀n àlàfo náà ní àléébù tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í ṣe òòṣà. Lẹ́yìn tí gbèsè bá ti gùn sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó ṣe rí ní Spain, ipa ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ á ti ga jù, àlàfo á sì wà lábẹ́ òdo fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀. Ìṣirò ọrọ̀ ajé pẹ̀lú lè ṣì wá lọ́nà: nígbà tí a yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò Nàìjíríà, ìyẹn ọdún tí a fi iye owó ọjà rẹ̀ ṣe ìwọ̀n, kúrò ní 1990 sí 2010, tí a kéde rẹ̀ ní 2014, ọrọ̀ ajé wa ti 2013 fi nǹkan bí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i lórí ìwé, ìwọ̀n gbèsè wa sì já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ kan. Òdìkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù Òkúdù 2023, nígbà tí iye náírà já: àwọn gbèsè tí iléeṣẹ́ ti fi dọ́là jẹ tẹ́lẹ̀ wú sókè nínú ìwé báńkì, láìsí pé wọ́n yá dọ́là tuntun kankan.