Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tá a ti dé láti ìdíje róbọ́ọ̀tì, mi ò sì lè gbé e mì. Gbogbo òbí àti tíṣà tó lọ́mọ nínú irú tíìmù báyìí ni mò ń bá wí o.

FIRST Tech Challenge, ìdíje táwọn ọmọ ti ń fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe díje, la lọ, èmi ni mo kó àwọn ọmọ tíìmù wa lọ. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ róbọ́ọ̀tì yín ò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 18 lọ ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, tíìmù méjì á para pọ̀ kojú tíìmù méjì míì, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ péré leré sì máa ń gbà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan controller tí wọ́n fi ń darí ẹ̀, kóòdù tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì á máa tẹ̀ lé, ìgbà tíyẹn bá parí làwọn awakọ̀ á tó gbà á. Oṣù márùn-ún làwọn ọmọ wa fi múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ yẹn, tí wọ́n bá ti jáde kíláàsì ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ.

Nígbà tó kan eré wa kẹta, ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ parí, àwọn awakọ̀ gba controller, wọ́n kà á, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, róbọ́ọ̀tì wa sún síwájú dáadáa, ó gbé apá sókè, ló bá dákẹ́. Iná ara ẹ̀ kú. Ọmọbìnrin tó ń wà á ò ju controller sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí wọ́n fi fun fèrè pé ó parí, àyà mi já, ojú ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi dòní.

Bá a ṣe dé ìdí tábìlì wa, screwdriver ti wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ yẹn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́, torí ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù kí wọ́n tún pè wá. Mo fi screwdriver sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ rọra gbé apá róbọ́ọ̀tì náà sókè, èkejì ẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ẹ̀, ni wọ́n bá rí i pé wáyà bátìrì ń nà tan-tan bí apá ṣe ń gòkè, orí ẹ̀ wá ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti ń ha irin ti bó. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè. Ihò tí wáyà yẹn gbà wọlé, ọwọ́ mi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé.

A ò ní èyí tó gùn. Ọmọkùnrin kan nínú wọn lọ sọ́dọ̀ tíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù wá, wọ́n fún un ní wáyà, wọ́n tún fi okùn rọ́bà tá a ó fi dè é kún un, wọ́n sì mọ̀ pé a tún lè pàdé lọ́jọ́ yẹn. Gracious Professionalism ni wọ́n ń pe irú ìwà yìí, Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 2019, ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ láàárín wọn, kéèyàn fi gbogbo agbára díje síbẹ̀ kó máa pọ́n ẹni tó ń bá díje lé.

Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ nìyí. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àgbàlagbà méjì ló jókòó ti laptop, àwọn ló ń kọ kóòdù, àwọn ló ń so nọ́ọ̀tì, àwọn ọmọ fọwọ́ lẹ́rán. Róbọ́ọ̀tì náà rẹwà gan-an. Àwọn adájọ́ wá dé, wọ́n bi ọmọ kan pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi lo gíà yìí, ọmọ yẹn ò dáhùn, ojú àgbàlagbà yẹn ló ń wò. Ẹ dákun, kí la ń ṣe fún ọmọ yẹn? Nígbà tó kàn wá, ọmọ wa ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn sí, ohun tó kọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kà fún wọn: "Wáyà kúrú. Àwa la gé e kúrú." Ó wá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ láìwo ojú ẹnì kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó nílò ẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ rí i pé ó wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so bóòtù kí ẹ sì jẹ́ kó so ó. Tó bá so ó wọ́, ẹ ní sùúrù kó tú u. Ìdíje yẹn gan-an ò fi ife nìkan wọn tíìmù, Inspire Award, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù níbẹ̀, àwọn adájọ́ ló ń fún èèyàn, ohun tí ọmọ lè fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

A ò mú ife kankan bọ̀. Lánàá mo bá wọn nídìí róbọ́ọ̀tì náà, wọ́n fẹ́ gé wáyà tuntun. Ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ gbé apá ẹ̀ sókè dópin kó tó fi tépù wọn wáyà.