Lórí òrùka, ṣé ìdúró ló kàn ni àbí ìsọ̀kalẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti so òrùka onígi méjì tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá kọ́ igi àjà lẹ́yìnkùlé wa ní Wàǹdó. Èjìká àti ikùn ni mo fẹ́ kó le. Kóòṣì kan ní kí n gbé ara lé e, kí n máa ká ìgbọ̀nwọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí n sì máa na apá padà sókè. Àmọ́ bí mo bá ti gùn ún báyìí, gbígbọ̀n ni apá mi ń gbọ̀n, òrùka á sì máa sá lọ sọ́tùn-ún sósì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Akin Ṣábẹ̀ẹ́: Àbúrò, máa bá iṣẹ́ lọ. Gbígbọ̀n yẹn náà ni agbára tó ń wọlé. Ẹni tó bá lè ṣe ogún pọ́ǹpù nílẹ̀, ìyẹn fífi ọwọ́ ti ara sókè, lè sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùka.

Ìyá Kẹ́mi Kétu: Ẹ̀gbọ́n Akin, ilẹ̀ kì í sá lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Òrùka ń sá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dá rọ̀ sórí okùn tirẹ̀, èjìká àti ikùn ẹni tó gùn ún ló ń dá a dúró. Ẹni tí kò tíì lè na apá dúró jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wá?

Akin Ṣábẹ̀ẹ́: Ìyá Kẹ́mi, ẹ má bínú o, ṣebí ọkùnrin nìkan ló ń díje lórí òrùka ní Òlíḿpíìkì.

Ìyá Kẹ́mi Kétu: Lónìí ni. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1948, àwọn obìnrin náà gun òrùka nínú ìdíje ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Kóòṣì Àdúgbò: Ọmọ Àjàṣẹ́, fa okùn títí òrùka yóò fi wà ní ìbàdí rẹ. Ti àwọn eléré ìdíje ga tó mítà 2,80 sílẹ̀, ìyẹn kò kàn ọ́. Kí àárín méjèèjì fẹ̀ tó èjìká rẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Di òrùka mú, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, na apá gbọnrangandan. Tẹ èjìká wálẹ̀ kí ọrùn rẹ lè gùn. Bí èjìká bá ti ń wá etí, o ti bọ́ nìyẹn, kúrò lórí òrùka kí o sinmi. Fún ìdí pọ̀, fa ikùn wọlé, kí ẹsẹ̀ wà níwájú díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kó máa bá ọ gbé díẹ̀ nínú ìwúwo ara. Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 tó. Sinmi dáadáa, tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí o bá lè gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí o dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí okùn kò fara kan apá, ìgbà yẹn ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí yí òrùka, kí àtàǹpàkò kọjú síta. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ pé o ní ikùn.

Akin Ṣábẹ̀ẹ́: Oṣù mélòó ni ọmọ ọlọ́mọ yóò fi dúró bí òpó iná?

Kóòṣì Àdúgbò: Ẹran ara tètè ń le, ẹ̀gbọ́n. Iṣan tó so ẹran mọ́ eegun ni kì í kánjú. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ jìn nígbà tí òrùka ṣì ń sá lábẹ́ rẹ̀, iwájú èjìká ló sábà máa ń dùn ún. Ó lè má jẹ́ lọ́jọ́ náà o. Á kàn di pé kò lè gbé garawa omi lé orí àga.

Ìyá Kẹ́mi Kétu: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba fífà. Ìdúró, títì ni. Bí ó bá ń tì láì fà, èjìká á máa tẹ̀ wá iwájú. Kó di òrùka mú, kó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, kó fara sẹ́yìn, kí ara rẹ̀ gún láti orí dé ẹsẹ̀, kó wá fa àyà lọ bá òrùka. Bó bá ti nira jù, kó túbọ̀ dìde dúró díẹ̀. Tèmi, ìyẹn gan-an ni mo máa fi ṣáájú.

Kóòṣì Àdúgbò: Ṣáájú kẹ̀? Lọ́jọ́ kan náà ni kó ṣe méjèèjì.

Ìyá Kẹ́mi Kétu: Ṣáájú ni mo sọ.

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀sà: Igi àjà wo ló so ó kọ́ ná? Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ yìí, ikán ò gbẹ́yìn. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lù ú kiri. Ibi tó bá ti dún kòǹgò, má ṣe gbé ara lé e.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ú ni. Apá kan dún kòǹgò lóòótọ́. Mo ti tú okùn, igi máńgòrò ni mo ń gbé e lọ. Ìdúró àti fífà ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wà nílẹ̀.

Akin Ṣábẹ̀ẹ́: Èmi ò yí ohùn padà.

Ìyá Kẹ́mi Kétu: Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà fi fídíò tiyín ránṣẹ́: ìdúró ìṣẹ́jú àáyá 30, kí okùn má kan apá.

Akin Ṣábẹ̀ẹ́: Iná fóònù mi ti fẹ́ tán.