Èsì sí aǹtí tí ojú ta òun àti ọmọ rẹ̀ nídìí kẹ́rátìn

Aǹtí wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó lè fèsì. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. Ẹ ní nígbà tí a ṣe kẹ́rátìn, oògùn tí a fi ń na irun, fún yín ní ṣọ́ọ̀bù wa lóṣù tó kọjá, ojú ń ta yín, ọ̀fun ń yún yín, ọmọ tí ẹ gbé dání sunkún títí a fi parí, ẹ sì wúkọ́ mọ́jú ọjọ́ kejì. Ẹ ní ẹ bi mí bóyá fọ́málíìnì wà nínú oògùn náà, mo ní kò sí. Nígbà tí ẹ tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní a ò ṣe é mọ́, wọn ò sì sọ ìdí. Ẹ wá béèrè pé ṣé rílásà tí a ṣì ń ṣe ló wá dáa jù.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo ní kò sí fọ́málíìnì nínú rẹ̀ torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike nìyẹn, gàdàgbà-gadagba, lókè pátápátá. Ohun tí mo kà ni mo tún sọ fún yín. Ṣùgbọ́n èmi lẹ bi, èmi lẹ sì fọkàn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Òjò ń rọ̀, a sì ti gbogbo fèrèsé torí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. A fọ irun yín, a fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn náà láti ìdí irun dé ṣóńṣó, a fi díráyà gbẹ ẹ́. Títí di ìgbà yẹn, òórùn àgbọn nìkan là ń gbọ́. Ìgbà tí a gbé irin gbígbóná lé e ni nǹkan yí padà. Irin yẹn máa ń gbóná tó 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó ṣe ń fà lọ lórí ìpín irun kọ̀ọ̀kan ni èéfín funfun ń rú sókè. Ọmọ yín fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún nù ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo fún un ní bisikíìtì, mo ní oorun ló ń kùn ún. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí yín ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń dà lójú òun náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé orí máa ń fọ́ òun lọ́jọ́ tí a bá ṣe kẹ́rátìn. Èsì tí mo máa ń fún un ni pé kó lọ jẹun.

Gáàsì ni formaldehyde. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, òun náà ni fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì kó má bàa jẹrà. Lórí irun, ó máa ń so okùn inú irun mọ́ra wọn bí irin ṣe ń tẹ̀ ẹ́, irun á sì nà gbọọrọ fún oṣù bíi mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń tan èèyàn ni pé tó bá ti wọ inú omi, orúkọ rẹ̀ á di methylene glycol. Ilé iṣẹ́ á kọ ọ́ síwájú ike pé kò sí formaldehyde, wọ́n á wá kọ methylene glycol wínníwínní sẹ́yìn. Tí iná irin bá kàn án, ó tún di gáàsì, ó di inú imú. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ohun tí ẹ kọ, mo gba awò ìyá mi, mo gbé ike náà sábẹ́ iná, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Àwọn míì ti kó sínú rẹ̀ ṣáájú wa. Lọ́dún 2010, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣerunlóge fẹjọ́ sùn pé ojú ń ta àwọn, imú ń ṣẹ̀jẹ̀, èémí ò já gaara. Àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ kó oògùn Brazilian Blowout tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní formaldehyde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé formaldehyde inú rẹ̀ lé ní 8 nínú 100. Ní 2011, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ náà. Ní Brazil fúnra rẹ̀, ìjọba ò gbà kí wọ́n fi na irun rárá. Díẹ̀ bíńtín, 0.2 nínú 100, ni wọ́n gbà nínú ohun ìṣaralóge, kí ọjà má bàa bàjẹ́. Láti 2004 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn nǹkan tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já nítorí ìgbà kan, aǹtí mi. Bí èèyàn ṣe fà á símú tó àti iye ọdún tó fi fà á ni ewu náà ń tẹ̀lé. Àwa tí a ń dúró nínú èéfín yẹn láràárọ̀ ló kàn jù. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ iṣẹ́ mi yẹn, ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́.

Mo pe ẹni tó ń kó ọjà fún wa láti Èkó. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ní tuntun tí kò ní formaldehyde lóòótọ́, glyoxylic acid ni wọ́n fi ṣe é. Díẹ̀ ló kù kí n fowó ránṣẹ́. Àfi bí mo ṣe ka ohun tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kọ ní 2024: obìnrin ọmọ ọdún 26 kan lọ na irun ní Tunis lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 2020, 2021 àti 2022. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni èébì, ibà àti ẹ̀yìn ríro dé, tí kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́. Glyoxylic acid wà nínú ìpara tí wọ́n lò fún un. Wọ́n fi ìpara náà pa ẹ̀yìn èkúté, nǹkan bíi yanrìn wínníwínní sì kún inú kíndìnrín àwọn èkúté náà. Mo sọ fún ẹni tó ń kó ọjà fún wa pé mi ò rà.

Ní ti rílásà, mi ò ní parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Kò ta ojú bíi kẹ́rátìn, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ló wà nínú èyí tó le, èyí tí wọ́n pè ní èyí tó rọ̀ náà sì ń bó awọ orí. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé obìnrin 33,497 fún nǹkan bí ọdún 11. Àwọn tó ń lo oògùn ìnarun ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lọ́dún ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju ìlọ́po méjì àwọn tí kì í lò ó lọ: tí wọ́n bá fi máa pé ẹni 70 ọdún, bíi 4 nínú 100, nígbà tí tàwọn yòókù ò pé 2. Wọn ò sọ pé oògùn náà ló fà á, wọ́n ní àwọn rí méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ti tó fún mi láti dẹwọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rílásà lọ́dọ̀ wa báyìí, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé síra wọn, ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wù nìkan la máa kùn, tí egbò bá wà lórí ẹ máa padà sílé. Ọmọdé, rárá, bí ìyá rẹ̀ tiẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ọ̀pọ̀ ló ti bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì.

Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má sọ ìdí fún yín. Ojú ló ń tì mí. Ẹ má bá wọn bínú.

Tí ikọ́ yẹn ò bá tíì lọ, tàbí tí àyà ọmọ bá ń dún tó bá ń mí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sọ fún dókítà pé èéfín formaldehyde lẹ fà símú. Mo ti dá owó kẹ́rátìn náà sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹ má kọ nọ́mbà àkáǹtì yín síbí o, ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp wa, tàbí kí ẹ yà wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ike yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Tí dókítà bá fẹ́ rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ wá ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò.