Wọ́n Ṣì Mí Bí Ni, Hollywood Ló Yẹ Kí N Wà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Houston níbí. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ọdún 2007 ló bá ìyá rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ohùn rẹ̀ yí padà. Tí mo bá pè é lórí fóònù, èsì tí mò ń gbọ́ kì í ṣe ti Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ti Houston. Ohùn àwọn òṣèré Hollywood ayé àtijọ́ ni, èyí tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tán, tí kì í ṣe ti ìlú ọba tán. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni àwọn òṣèré yẹn ti lọ kọ́ ọ, torí kò sí àdúgbò kan láyé yìí tí wọ́n ti ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ná iṣu.

“Ọ́ńkù dáálìn” ló ń pè mí báyìí. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n rí!

Kì í ṣe òun nìkan o. Sinimá àtijọ́ ló wà lóde. Àwọn obìnrin á fi ìlẹ̀kẹ̀ péálì sọ́rùn, wọ́n á kun ètè pupa fòò, wọ́n á wá yọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára fọ́tò kó lè dà bíi pé ìyá àgbà ló ya á. Àwọn ọkùnrin ń dá irunmú tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Clark Gable, òṣèré ayé ìgbà yẹn, sí, ẹ óò rò pé ọmọ ilé-ìwé ló fi báírò fa ìlà sókè ètè wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: wọn ò ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí o bá bi wọ́n pé irú èwo, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó débi ìnáwó tó ń bi onílé ní iye tó ra málúù.

Àwòrán òṣèrébìnrin Audrey Hepburn ló gba ògiri pálọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ti wọ aṣọ dúdú, tó fi ìka méjì di ohun ìfasìgá gígùn mú. Fíìmù Breakfast at Tiffany’s ni, ọdún 1961. Dọ́là 35 ló ra àwòrán, ó fi 120 ṣe férémù sí i.

Mo ní, “Ìyá mi, kí ni iṣẹ́ ọkùnrin tí obìnrin yìí fẹ́ràn nínú fíìmù náà?”

Kò fèsì.

“Ará Japan tó ń gbé lókè ilé ńkọ́?”

“Ará Japan wo?”

Mickey Rooney, òyìnbó pọ́ńbélé, ni wọ́n ki eyín èké bọ̀ lẹ́nu níbẹ̀ kó lè máa ṣe ará Japan, tó ń pariwo kiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ló ti jáde, kò sí bí ènìyàn ṣe lè wò ó kó má pàdé rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò pàdé rẹ̀. Férémù ló mọ̀.

“Ọ́ńkù, kì í ṣe ìtàn ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn,” ó ní. “Ìrísí ni.”

Lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ló fi tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù Casablanca bẹ̀ mí. Ẹ wá wo èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá! Ooru Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ lè se ẹyin jinná lóṣù yẹn, síbẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin ni mo kà tó wọ kóòtù òjò dé ojúgun, tí wọ́n dé àkẹtẹ̀ bíi ti Humphrey Bogart, olórí òṣèrékùnrin fíìmù náà. Òógùn ń kán tó-tó-tó láti igi imú ọ̀kan nínú wọn, kò sì bọ́ kóòtù, torí wọn ò tíì ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ dúdú tó ń dán, ó dé ìgúnpá. Ló bá ra gúgúrú. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ jẹ gúgúrú oníbọ́tà rí? Ó mú hóró kan, ó yọ́. Ó mú òmíràn, ó já bọ́ sórí itan. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba, ó kẹ́nu bọ inú páálí, ó ń ṣa á jẹ bí adìẹ. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́.

Kí Ingrid Bergman, olórí òṣèrébìnrin ibẹ̀, tó wọlé rárá, oorun ti gbé ọmọ mi lọ. Ó ń sùn nígbà tí àwọn èèyàn inú ilé ọtí dìde, tí wọ́n fi orin orílẹ̀-èdè Faransé bo orin àwọn sójà Jámánì mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti lé sójú èmi, torí púpọ̀ nínú àwọn òṣèré yẹn ló sá fún Hitler ní tòótọ́. Ọdún 1942 tí wọ́n ń yà á, ogun náà ṣì ń jà lọ́wọ́. Ìgbà tí bàlúù ń gbéra ló jí. Bí iná ṣe tàn, ó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wa lọ, kí a sì tó dé ìdí mọ́tò, ó ti gbé e sórí fóònù pé, “Mo sunkún títí.” Ká ní ó gé “kún” kúrò ńbẹ̀, òótọ́ ni ì bá sọ.

Lára àpò ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fíìmù yẹn sí, pé kí Sam, ẹni tó ń tẹ dùùrù nílé ọtí yẹn, tún orin náà tẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú Casablanca. Bergman ní kó tẹ̀ ẹ́, Bogart náà ní kó tẹ̀ ẹ́. “Tún” ò sí ńbẹ̀. Ẹni tó ṣe Sam alára, Dooley Wilson, onílù ni, kò mọ dùùrù tẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ máa ṣàlàyé èyí fún un lójú sinimá nígbà tí obìnrin kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí àkẹtẹ̀ yín, a ò rí nǹkan kan.”

Mi ò tíì sọ fún yín pé èmi náà dé àkẹtẹ̀.

Ká má tan ara wa, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fara wé gan-an ni wọ́n ti kọ́ ayédèrú. Hollywood kì í bí ìràwọ̀, rírán ni wọ́n ń rán an. Archie Leach ọmọ Bristol ló di Cary Grant. Margarita Cansino, wọ́n tu irun iwájú orí rẹ̀ kí iwájú lè ga, wọ́n pa ìyókù láró pupa, ó di Rita Hayworth. Lucille LeSueur ńkọ́? Ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ní kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn wá bá wọn fún un lórúkọ lọ́dún 1925, pẹ̀lú ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ. Ìkómọ nìyẹn o, ìyá ọmọ ò sí ńbẹ̀! Bí Joan Crawford ṣe dáyé nìyẹn. Bergman ga ju Bogart lọ, wọ́n ní láti fi nǹkan sábẹ́ bàtà ọkùnrin náà. Ìlú Casablanca tí a wò yẹn, California ni. Bàlúù ìparí tó gbé ọmọ mi dìde lójú oorun, páálí ni. Wọ́n wá àwọn èèyàn kúkúrú láti dúró tì í kó lè dà bíi pé ó tóbi, wọ́n sì fi kùrukùru bo àṣírí ìyókù. Lábẹ́ òfin Hays, òfin ìwà mímọ́ fún fíìmù, tó de gbogbo wọn láti 1934, tọkọtaya á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, fìtílà láàárín, wọ́n á sì bímọ. Ọlọ́run ló mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà.

Aṣọ tí òṣèrébìnrin Marilyn Monroe fi kọrin ọjọ́ ìbí fún Ààrẹ Kennedy lọ́dún 1962, mílíọ̀nù 4.8 dọ́là ni wọ́n tà á lọ́dún 2016. Ní 2022, Kim Kardashian, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, yá a wọ lọ sí Met Gala, àríyá aṣọ ńlá kan ní New York. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta du ara rẹ̀ lóúnjẹ kí aṣọ lè gbà á, ó wọ̀ ọ́ gun àtẹ̀gùn, ó bọ́ ọ, ó wọ ẹ̀dà rẹ̀. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú adìẹ. Èmi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé fíìmù wo ni Marilyn ṣe.

Gbogbo èyí ni mo lè fẹ̀rín lé lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò lè rín. Ó mí kanlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó ní, “Ọ́ńkù dáálìn, wọ́n ṣì mí bí ni. Hollywood ló yẹ kí n wà, lọ́dún 1940, kí n wọ gáùn lọ síbi Oscar.”

Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

“Ọmọ mi, níbo lo máa jókòó sí?”

Mo wá sọ ti òṣèrébìnrin Hattie McDaniel fún un. Ọjọ́ 29 oṣù kejì, ọdún 1940, ni wọ́n fún un ní Oscar, ẹ̀bùn ńlá àwọn onífíìmù, fún fíìmù Gone with the Wind. Ènìyàn dúdú kankan ò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Hótẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles ni wọ́n ti ṣe é, hótẹ́ẹ̀lì tí kì í gba ènìyàn dúdú. Ọ̀gá tó ṣe fíìmù náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n sì fún un, ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ní oṣù kejìlá 1939 tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù ọ̀hún hàn ní Atlanta, òfin ìyàsọ́tọ̀ ibẹ̀ ò jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá. Ó kú ní 1952, itẹ́ òkú tó ní kí wọ́n sin òun sí ní Hollywood kọ̀ ọ́. Oscar tó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard sọnù, ọdún 2023 ni wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò.

“Ẹni tó gba ẹ̀bùn nìyẹn o,” mo ní. “Ìwọ tó o kàn fẹ́ wọ gáùn, ilé ìdáná ni.”

Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé inú mi ń dùn pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. A dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó tó lanu, ohùn Ìbàdàn tí mo ti ń wá láti ọdún méjì ló sì fi sọ̀rọ̀.

“Ọ́ńkù, kí ni Hattie wọ̀ lọ́jọ́ náà?”

Mo ní òdòdó gardenia funfun ló fi sírun.

Kí n tó délé mi, ó ti ra òdòdó náà lórí fóònù. Méjì ló rà. Ó ní kí n fi ọ̀kan sí àkẹtẹ̀ mi.