Ṣé àṣìṣe ni "sọ́rì" tí ọmọ mi kọ?

Bàbá Ìbejì Pákátà: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní kí ọmọ mi kọ àròkọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ pé ìyá àgbà yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, òun sì sọ "sorry" fún wọn. Tíṣà fi bírò pupa fa igi lé e, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ṣé ìwọ lo tì wọ́n ni?"

Tíṣà Ọ̀fà: Tíṣà yẹn ò jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Bí òyìnbó bá fẹsẹ̀ kọ, tẹ́ ẹ sọ "sorry" fún un, á máa wojú yín pé kí lẹ ṣe fún òun. Pẹ̀lẹ́ ni ọmọ yín ní lọ́kàn, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní pẹ̀lẹ́.

Ọmọ Ìdí-Àpè: Kò ní kẹ̀? Bí wọ́n bá lọ kí ọlọ́fọ̀, ṣebí "sorry for your loss" ni wọ́n ń sọ. Ta ló pa òkú náà nínú wọn?

Ìgbómìnà Pọ́ńbélé: 😂😂

Tíṣà Ọ̀fà: Ti ọ̀fọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ là ń sọ.

Alákọ̀wé Òkè-Odò: Ẹ jẹ́ ká tú u láti ìdí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni wọ́n ń pè é. Inú "sār" ló ti jáde, ìyẹn ìrora tàbí ọgbẹ́, òun náà ló di "sore" lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ ìyá ni "sorry" àti "sorrow". Rárá o, "sorg" ni ìyẹn ti wá, ìdí wọn ò pa pọ̀. Ìrora ló kọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀bi ẹ̀yìn ló dé. Èyí tí wọ́n tiẹ̀ fi ń ní kéèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀bi wo ló wà níbẹ̀?

Tíṣà Ọ̀fà: WAEC ò béèrè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ o.

Ìyá Aláṣọ-Òkè: Èmi ò mọ ti òyìnbó. Ohun tó ń dùn mí ni pé sọ́rì ti gbé gbogbo ìkíni wa mì. Ọmọdé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ l'Ọ́jà Ọba: sọ́rì. Ó gbọ́ pé ara mi ò yá: sọ́rì. Olè jà mí: sọ́rì. "Ẹ má bínú" dà? "Ẹ kú ewu" dà? Gáfárà tó wà lẹ́nu àwọn bàbá wa nílùú yìí ńkọ́?

Ọmọ Ìdí-Àpè: Màmá, ẹ má bínú o, Lárúbáwá ni gáfárà gan-an. Ọ̀dọ̀ Haúsá ló gbà kàn wá. Àwọn bàbá wa náà yá ọ̀rọ̀ lò.

Ìyá Aláṣọ-Òkè: Wọ́n yá a, wọn ò fi lé pẹ̀lẹ́ jáde nílé.

Ìgbómìnà Pọ́ńbélé: Pẹ̀lẹ́ ọ̀hún lákọ, ó lábo. Èyí tí ìyàwó mi sọ fún mi lánàá, èébú sàn jù ú lọ.

Bàbá Ìbejì Pákátà: Mo ti bi ìyá àgbà fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọ náà ò sọ sọ́rì, kò sì sọ pẹ̀lẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, aládùúgbò ló wá fà wọ́n dìde. Mo ti ní kó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn báyìí, kó sọ sọ́rì. Èyí tí tíṣà rẹ̀ fẹ́ gan-an ni.