Harley Àlòkù Kì Í Dínwó? Irọ́ Ni

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, níbi ìkómọ kan níhìn-ín ní Maryland, àbúrò mi kan fa fóònù yọ, ó fi fọ́tò alùpùpù kan hàn mí. Harley-Davidson Road King ọdún 2003 ni, ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ fàdákà àti dúdú, àmì ọgọ́rùn-ún ọdún wà lára táǹkì epo rẹ̀. 11,900 dọ́là ni ẹni tó ń tà á ń pè é. Àjọ kan àbúrò mi lóṣù yìí, owó àjọ yẹn gan-an ló sì fẹ́ kó lé e. Mo bi í bóyá ó fẹ́ máa gùn ún ni. Ó ní rárá o. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ pé Harley kì í dínwó ni? Bó ṣe ń gbó ni owó ẹ̀ ń gòkè. Màá kàn gbé e pamọ́ sí gáráàjì, tó bá di ọdún márùn-ún, màá tà á ní 20,000."

Àwọn mẹ́ta tó jókòó tì wá ń mirí pé òótọ́ ni. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ta Harley rí. Èmi ti tà á. Láti ọdún tí mo ti dé Amẹ́ríkà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu òyìnbó, lẹ́nu àwọn tiwa, ó sì ti sú mi, torí owó tí àwọn èèyàn fi òógùn ojú wá ló ń bá a lọ.

Ní 2011, irú alùpùpù yẹn gẹ́lẹ́ ni mo rà, Road King 2003 alámì ọgọ́rùn-ún ọdún. 11,800 dọ́là ni mo san lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó tà á fún mi na ìka sí àmì ara táǹkì, ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò máa wá a bí ẹni ń wá góòlù. Mo gbà á gbọ́. Mo ń fi aṣọ bò ó, n kì í gùn ún nínú òjò, gbogbo ìwé rẹ̀ pé sínú fáìlì kan. Mo tún ná ohun tó lé ní 2,500 dọ́là lé e lórí: sàlẹ́ńsà tuntun, síìtì aláwọ, oríṣiríṣi irin dídán. Nígbà tó di 2019 tí mo fẹ́ fi owó rẹ̀ kún owó ilé, mo pè é ní 10,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwọn tó kàn sí mi kò ju àwọn tó ń béèrè bóyá ó ṣì wà, tí wọn kì í sì í fèsì mọ́ bí mo bá ti dáhùn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà kan. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jáde wò ó. Ó béèrè ọdún rẹ̀, mo sọ fún un, ó ní àwọn kì í gba èyí tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Nígbẹ̀yìn, ọmọkùnrin kan wá láti Pennsylvania, ó ka owó sórí síìtì aláwọ tí mo fi owó rẹpẹtẹ rà yẹn, ọgọ́rùn-ún dọ́là mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. 5,700 nìyẹn. Kò san kọ́bọ̀ kan lórí irin dídán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àmì ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, torí òun ni wọ́n fi ń mú èèyàn jù. Ọdún 1903 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Milwaukee. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í ṣe ìwọ̀nba alùpùpù díẹ̀ ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún ayẹyẹ náà. Gbogbo èyí tó jẹ́ ti ọdún 2003 ló gba àmì. Mélòó ni wọ́n kó jáde lọ́dún yẹn? Ó lé ní 290,000! Ohun tó ń mú kí nǹkan àtijọ́ wọ́n ni pé wọ́n ti lò ó gbó, wọ́n ti sọ ọ́ nù, ó wá ku ẹyọ mélòó kan láyé. Ta ló sọ ti 2003 nù? Inú gáráàjì ni wọ́n wà, lábẹ́ aṣọ bíi tèmi, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń dúró de ọjọ́ tí yóò wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ ìkómọ yẹn mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wo èyí tó wà lọ́jà láàárín ọgọ́rùn-ún máìlì sí ilé mi. Mo ka mẹ́rìnlá tó ní àmì yẹn. Mẹ́rìnlá, ká tó kúrò ládùúgbò!

Wọn ò sì dúró lórí iye yẹn. Ní 2006, èyí tí wọ́n kó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350,000. Nígbà tó di 2024, èyí tí wọ́n tà ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bí 150,000 lọ. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láàárín ìgbà yẹn kò wọ ilẹ̀ lọ, ojú ọjà àlòkù ló wà. Àwọn tó ń rà á wá ńkọ́? Wọ́n ń dàgbà. Ìwádìí Motorcycle Industry Council, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò alùpùpù ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá to àwọn tó ní alùpùpù láti orí ọmọdé dé orí àgbà, ẹni àárín jẹ́ ọmọ ọdún 32 ní 1990. Ní 2018, ó ti di ẹni 50 ọdún. Eékún ń dun wọ́n, alùpùpù tó wúwo tó 700 pọ́n-ùn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè máa gbé dúró mọ́, gbogbo wọn ló sì fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbúrò mi ní èyí tí òun rí, 9,400 máìlì péré ló ti rìn, pé bí tuntun ni. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà mí. Nínú ẹ́ńjìnì Twin Cam tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún alùpùpù ọdún 1999, ṣéènì méjì ló ń yí kámù, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì. Bàtà kékeré oníke, tí sípíríńgì ń tì, ló ń tẹ ṣéènì kó má baà dẹ̀. Ṣéènì a sì máa jẹ ẹ́. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, èérún rẹ̀ á wọnú ọ́ìlì, pọ́ǹpù á bàjẹ́, ẹ́ńjìnì á tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí Dyna, oríṣi Harley kan tó gba àtúnṣe ní 2006, ó di ti ọdún 2007 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń tì. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí tèmi ní 24,000 máìlì, ó gbé bàtà náà lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti rí kángunkàngun bí obì tí ọmọdé jẹ kù. 1,650 dọ́là ni àtúnṣe náà. Èyí tó bá rìn díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, bàtà àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò sì yọ iye àtúnṣe kúrò nínú owó tí yóò san.

Kódà ká ní ẹnì kan ta tirẹ̀ ní iye tó rà á, ó ti pàdánù. Ohun tí 17,000 dọ́là lè rà ní 2003, ó ti tó nǹkan bí 29,000 kó tó lè rà á ní 2024.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde kò ṣòro rí. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé ẹni tó bá ra Sportster 883, èyí tó kéré jù nínú alùpùpù wọn, lè dá a padà láàárín ọdún méjì kí wọ́n sì ka gbogbo owó rẹ̀ sí èyí tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tó wá di ọdún 1990 sókè, wọn ò lè ṣe é tó bí èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹ. Ní 1995, nǹkan bí 105,000 péré ni wọ́n ṣe. Àwọn èèyàn ń tò fún oṣù àti ọdún, ẹni tí kò lè dúró sì ń san ju owó tuntun lọ fún àlòkù. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Ní 1998 wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ mìíràn ní Kansas City, ìlà tán, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ kó tán pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n á tún ní, gbàǹjo Las Vegas ńkọ́? Lóòótọ́, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, Harley Strap Tank ọdún 1908 kan tà níbẹ̀ ní 935,000 dọ́là. Ti 1908 nìyẹn, tó ku ẹyọ mélòó kan láyé. Mo gbà pé Knucklehead, àwọn Harley àtijọ́ tí wọ́n ṣe láàárín 1936 sí 1947, ṣì ń pa owó gidi, mo sì gbà pé owó àlòkù gbéra díẹ̀ nígbà kòrónà kó tó tún wálẹ̀. Kò sí èyí tó kan Road King 2003 nínú wọn.

Mo pe àbúrò mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo ní bó bá jẹ́ pé gígùn lo fẹ́ gùn ún, alùpùpù tó dáa ni, èmi náà gbádùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Fi 6,000 lọ ẹni tó ń tà á, má kọjá 6,500. Sọ fún un kó jẹ́ kí mẹkáníìkì rẹ ṣí ìdérí kámù lójú rẹ kí owó tó jáde. Wo ọjọ́ tó wà lára táyà, torí táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí à ń gbé ara lé, bó ti wù kó nípọn tó. Kí 2,000 dọ́là wà nílẹ̀ fún bàtà ṣéènì. Owó àjọ tó bá kù, máa gbé e lọ sí báńkì.